Agogo Màámi Nínú Ẹrẹ̀ Òkun Tútù

Màámi ọ̀wọ́n, Màámi tèmi (bí Títí bá fẹ́, kó bínú),

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwa náà wà bí a ṣe wà. Òtútù ti padà dé sí Barking, ariwo ọkọ̀ ojú títì A13 sì ń hó lẹ́yìn fèrèsé mi ní Castle Green níbí bí epo tó gbóná jù. Kókò tí ẹ gbìn sínú ike ọ̀dà, mo ti gbé e wọlé kí yìnyín má baà pa á. Ó ti yọ ewé tuntun. Èmi ni mò ń bomi rin ín o, kì í ṣe Títí.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ti rí agogo yín.

Bẹ́ẹ̀ ni, agogo àdúrà yín. Èyí tí mo wá tì lẹ́yìn ìsìnkú yín, tí mo tú gbogbo àpótí ilé, tí mo da àwọn sùtánà yín sórí bẹ́ẹ̀dì ní ẹyọ ẹyọ, tí mo sì tún lọ bá Ìyá Bọ̀sẹ̀, ọ̀rẹ́ yín inú ìjọ, nílé wọn ní Longbridge, tí mo ń fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò bóyá àwọn ló mú un. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí mi dáadáa mọ́. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kàn gbé orí sókè bí àgbò. Wọn ò jẹ̀bi. Agogo kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ìsàlẹ̀ òkun ló wà, lápá òkè Scotland, níbi tí omi ti tutù débi pé ẹja gan-an ń ronú kó tó lúwẹ̀ẹ́. Ẹ fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu yín kò pè é níṣẹ́ rí. Bí àlejò bá bi yín pé kí ni ọmọ yín àgbà ń ṣe, ẹ ó ní ó ń wo tẹlifíṣọ̀n fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń sanwó fún un. Àlejò á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, èmi á gba inú kíṣíìnì lọ. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, Màámi. Apá kan wà nínú òkun tútù yẹn tí ìjọba ti fi òfin yí ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ àwọ̀n níbẹ̀, kí àwọn ohun tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi lè rí ààyè bí sí i. Lọ́dọọdún, ọkọ̀ ojú omi kan á lọ síbẹ̀, wọ́n á so kámẹ́rà mọ́ okùn, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkùnkùn, á sì máa ya ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ní fọ́tò. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kì í wo fọ́tò náà, ìgbì kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó. Wọ́n á sọ kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á kó gbogbo ohun tó yà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa ní Barking níbí, èmi á sì jókòó tì í.

Gbogbo ẹranko tí kò ní egungun ẹ̀yìn tí mo bá rí níbẹ̀, iṣẹ́ mi ni láti dá a mọ̀ kí n sì sọ ibi tí mo ti rí i. Ìràwọ̀ òkun, alákàn, edé ńlá tó ń gbẹ́ ihò sínú ẹrẹ̀, kànrìnkàn tó ń hù lára òkúta, àti ọ̀kan tó máa ń dúró ṣánṣán nínú ẹrẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tí ẹnì kan fi gúnlẹ̀. Èwo ló pọ̀ síbí, èwo ló wọ́n lọ́hùn-ún, èwo ló fẹ́ ẹrẹ̀, èwo ni kò lè gbé láìsí ibi líle tí yóò di mọ́. Bí wọ́n bá pọ̀, tí oríṣiríṣi wọn sì wà, a mọ̀ pé òfin yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí irú kan ṣoṣo bá gba gbogbo ilẹ̀, nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ọrùn máa ń ro mí, ojú máa ń ta mí. Iṣẹ́ gidi ni.

Ṣùgbọ́n Títí ló ń lọ nínú ọkọ̀. Títí àbúrò mi, àbíkẹ́yìn yín, òun ló ń wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ọsàn, tó ń dúró létí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lójú. Ohun tí òun bá sọ sómi ni èmi ń wò. Bó bá pè yín láti ibẹ̀, ẹ ó tan ohùn fóònù síta kí gbogbo ayé gbọ́, ì báà jẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ì báà jẹ́ níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù Alibon níbi tí ẹ ti lọ ra búrẹ́dì. Ọmọ mi tó wà lójú òkun, bí ẹ ṣe máa ń pè é nìyẹn. Ẹ fi ṣe ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí mo gbé báàgì búrẹ́dì náà dání, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi?

Mo jowú. Mo ti ń jowú rẹ̀ láti kékeré, mo sì ń jowú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ máa ń fà mí létí, ẹ ó ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ó dáa, ẹ wò mí nísinsìnyí. Ẹran wà láyà mi dáadáa, kódà búláòsì mi àtijọ́ ò wọ̀ mọ́, owú náà sì wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹran.

Ohun tó dùn mí wọ eegun ni pé èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ mọ àwọn ẹranko wọ̀nyẹn. Ṣé ẹ rántí Southend? Ṣé ẹ rántí bí ìjọ ṣe máa ń háyà bọ́ọ̀sì ńlá lọ síbẹ̀ fún àdúrà etí òkun, tí gbogbo wa á wọ sùtánà funfun, tí a ó sì bọ́ bàtà sílẹ̀ nínú ọkọ̀? Òkun ibẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn lọ jìnnà, á ku ẹrẹ̀ dúdú lọ súà. Àwọn òyìnbó tó ń jẹ áísíkiriìmù á dúró máa wò wá. Ẹ ó lu agogo, ẹ ó kọjú sómi, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi á sì ti yọ́ lọ sẹ́yìn, mo ń ṣí òkúta. Ìdí sùtánà mi á dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ kan ẹ yọ sí mi lójijì, mo rò pé ẹ ó gbá mi létí ni. Ẹ kàn ní kí n la ọwọ́. Ekòló òkun kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, pupa, ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́. Mo sọ fún yín pé kò ní egungun ẹ̀yìn, pé wọ́n kọ́ wa níléèwé. Ẹ wò ó, ẹ tún un wò, ẹ wá bi mí pé báwo ló ṣe ń ru ẹrù. Ẹ̀rín yín pọ̀ débi pé agogo ń dún fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Níbo ni Títí wà lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀yìn yín ló wà, ẹ fi ọ̀já gbà á, ó ń ké tantan nítorí ó rí alákàn kan tí kò tó bọ́tìnnì. Ẹni tó ń sá fún alákàn ló wá di ọmọ tó wà lójú òkun. Ayé yìí náà mà le o.

Ti agogo yẹn, kí n má parọ́ fún yín, ojú mi ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe nítorí idẹ rẹ̀. Nígbà tí igi tí a fi ń dì í mú ṣẹ́, ẹ ò ra òmíràn. Ẹ gé orí ọmọrogùn tí ẹ fi ń ro èbà, ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ kì í bọ inú rẹ̀, ẹ wá ní kí n súnmọ́ yín. Ẹ tú rìbọ́nì búlúù kúrò nínú irun mi, ẹ fi wé e yípo kó má baà máa mì. Orí mi ni ẹ ti tú u, Màámi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé èmi pẹ̀lú yín la jọ ni agogo náà. Ní àràárọ̀ tí ẹ bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá yín, tí aládùúgbò á sì kan ògiri, mo máa ń ṣe bí ẹni pé mo ń bínú sí ariwo náà. Mi ò bínú rí.

Lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó ti fọ́tò ti ọdún yìí. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ ni, ìràwọ̀ òkun kan, ẹrẹ̀ ni, ihò edé. Oorun ti ń kùn mí. Mo ṣí òmíràn, nǹkan kan sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàrin ẹrẹ̀. Mo rò pé ìgò ni. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, mo rí igi. Mo rí orí ọmọrogùn, níbi tó rí pẹlẹbẹ, tí iná sítóòfù ti jẹ ẹ́ dúdú lọ́jọ́sí. Mo rí rìbọ́nì búlúù, ìdí rẹ̀ kan ti tú, ó ń fì nínú omi. Mo dìde, mo tún jókòó. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ó yá.

Àwọn ẹranko òkun kò jẹ́ kó dá wà níbẹ̀ o. Ẹrẹ̀ rírọ̀ nìkan ló wà ní gbogbo àyíká ibẹ̀, kò sí òkúta, kò sí àpáta, àwọn ẹranko tó nílò ibi líle kì í sì í rí ibẹ̀ gbé. Wọ́n ti rí agogo yín. Àwọn ekòló kan tó máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun kọ́lé ti kọ́lé sí gbogbo èjìká rẹ̀. Àwọn ẹranko mìíràn tó rí bí òwú ti hù létí ẹnu rẹ̀. Òdòdó òkun kan, tí kì í ṣe òdòdó, ẹranko ni, jókòó síbi tí ẹ máa ń fi àtàǹpàkò dì mú gan-an. Ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan na ẹsẹ̀ jáde láti abẹ́ rẹ̀ bí àlejò tó sùn sí pálọ̀. Mo wò wọ́n, inú bí mi. Ta ló ní kí wọ́n gbé ibẹ̀? Ó rán mi létí ilé wa ní Alibon. Ìgbà wo ni ilé yẹn jẹ́ tiwa rí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ẹni tí lánlọ́ọ̀dù lé jáde, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ ò gbọ́ ara wọn yé, pálọ̀ wa ni gbogbo wọn ń sùn. Orí wọn ni mò ń gbà kọjá lọ síléèwé. Ẹ fún wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ ti kú, Màámi, ẹ tún ń gba àlejò.

Òfin ibẹ̀ ni pé ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn sọ síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi hàn. Bí mo bá sì fi hàn, wọ́n á béèrè ọkọ̀ tó dúró níbẹ̀, àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń dúró síbẹ̀ ju ọkọ̀ tí Títí ń bá lọ. Mo ti mọ ẹni tó jẹ́, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n sì ń gbèrò láti fi Títí ṣe olórí ìrìnàjò tó ń bọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi bá ọkọ̀ lọ lọ́dún yìí, ó ń múra sílẹ̀. Ẹni tó ju nǹkan sínú omi tí wọ́n ní kó ṣọ́, ta ló máa fi ṣe olórí?

Mo wo ibi tí wọ́n ní kí n ti yan irú ohun tí mo rí. Àwọ̀n, okùn, ìgò, pàǹtí mìíràn. Agogo yín, Màámi, wọ́n ní pàǹtí mìíràn. Ọwọ́ mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ mí, inú mi dùn. Inú mi dùn pé ọmọ ojú òkun yín ti ṣe ohun tí kò dáa, pé èmi tí mò ń wo tẹlifíṣọ̀n ni mo sì rí i. Ìdùnnú náà gbóná láyà mi bí tíì. Mo ti fọ́tò náà pa, mo sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò tíì ṣe tán, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo pe Títí. Mi ò sọ nǹkan kan fún un lórí fóònù, mo kàn ní kó wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbọ́ ohùn mi, kò bi mí ní ìdí, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Scotland wá. Mo se ìkọ́kọrẹ́ bí ẹ ṣe máa ń sè é, mi ò fọ́ gbogbo iṣu tán. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá rójọ́. Mo jẹ́ kó jẹun yó, nítorí ẹ kọ́ wa pé a kì í bá ẹni tí ebi ń pa jà. Lẹ́yìn náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀.

Kò jiyàn. Ó fi ìka lé rìbọ́nì náà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń fi í nù ún bí ẹni ń nu eruku. Nígbà tó yá, ó là á sílẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wá dágbére fún yín ní ọsibítù, tí èmi ti lọ sílé lọ wẹ̀, ẹ ní kó mú agogo náà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní omi òkun tí òun ń lọ ti tutù jù, kó máa lù ú ní àràárọ̀, kí àwọn áńgẹ́lì lè mọ ibi tí ọmọ yín wà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń fa okùn, tó lù ú, àwọn atukọ̀ rò pé agogo oúnjẹ ni. Gbogbo wọn tú jáde, wọ́n tò pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, kúùkù sì ń bínú nítorí kò tíì fọ́ ẹyin kan. Màámi, mo fẹ́ máa bínú lọ, ẹ̀rín pa mí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí tirẹ̀ fi di ẹkún.

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ dúró sí, kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ omi, nígbà tí wọ́n ní kó wá gba fóònù. Èmi ni mo pè é, láti sọ fún un pé ẹ ti lọ. Ilẹ̀ jìnnà sí wọn, ọkọ̀ kò lè padà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun lọ sétí ọkọ̀, òun lu agogo náà títí apá òun fi kú, òun ń retí pé ẹ ó dáhùn. Lẹ́yìn náà kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Títí dòní òun ò lè sọ bóyá òun jù ú ni tàbí ó bọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi nígbà tí mò ń tú ilé, nígbà tí mo lọ ń tàbùkù Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó ní ohun tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín lọ́jọ́ náà ló di òun lẹ́nu. Ó sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́.

"Wọ́n ní, bí o bá dé, kí o dá a padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Rìbọ́nì rẹ̀ ló wà lára rẹ̀."

Ẹ rántí rìbọ́nì mi. Nínú gbogbo ìrora yẹn, pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ yín nímú, ẹ rántí pé orí mi ni ẹ ti tú u. Tèmi ni agogo náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Títí kàn yá a ni, ó sì lọ fi ogún mi ta ìràwọ̀ òkun lọ́rẹ. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo sọ gbogbo ohun tó ti wà nínú mi láti Southend, ti ọ̀já, ti àtẹ́wọ́, ti fóònù tí ẹ ń tan síta. Mo ní ohun gbogbo ló ti gbà, ó tún gba agogo mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá fi ojú yín yẹn wò mí. Òun ló jogún ojú yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà máa ń bí mi nínú.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ̀yin lẹ di Màámi lọ́wọ́ mú. Èmi, omi ni mò ń wò. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, mo ń gbọ́ yín lẹ́yìn wọn, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń gé iṣu. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń jowú yín tó?"

Mi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ènìyàn lè jowú ẹni tó ń gé iṣu. Mo kó àwo lọ sí kíṣíìnì, mo ṣí omi ẹ̀rọ kó máa ṣe ṣọ́ọ́ kó má baà gbọ́ mi.

Mi ò dárí jì í lọ́jọ́ náà. Kí n má tàn yín, mi ò tíì dárí jì í tán. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń wọ bàtà, mo sọ fún un pé mi ò lè pa fọ́tò náà mọ́, iṣẹ́ mi ni, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní, "Lọ sọ fún wọn kí n tó sọ." Ó lọ, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni èmi náà fi fọ́tò ránṣẹ́. Mi ò yan pàǹtí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé agogo àdúrà ni. Ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ti àdúrà ni. Mo ní ti màmá mi ni. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, a jọ wò ó.

Wọn ò fi Títí ṣe olórí mọ́. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, òun á kàn tẹ̀ lé wọn ni. Nígbà tí mo gbọ́, inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife tíì kan, lẹ́yìn náà tíì náà korò. Mo pè é. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ń mí sínú fóònù, èmi náà ń mí.

Ọ̀rọ̀ wá ku agogo fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó lè gbé e sókè, kí wọ́n gbé e fún mi. Màámi, mo ti kan ìṣó sí ògiri sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí kókò yín wà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní èmi ni mo mọ ohun tó ń gbé ara rẹ̀, pé kí n kọ̀wé sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Mo tún ṣí fọ́tò náà. Mo wo àwọn ekòló ẹlẹ́fun, mo wo àwọn tó rí bí òwú, mo wo òdòdó òkun olórí kunkun yẹn lójú àtàǹpàkò yín. Irú ẹranko kan wà lára agogo náà tí mi ò rí rí ní gbogbo apá ibẹ̀. Bí wọ́n bá fa agogo náà sókè, gbogbo wọn á ti kú kí wọ́n tó rí oòrùn. Mo jowú wọn. Wọ́n ń fara kan ohun tí ẹ fọwọ́ kàn, èmi ò lè fara kàn án. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ sí mi lọ́kàn, pé ní gbogbo ọdún tí a fi gbé Alibon, ẹ ò lé àlejò kankan jáde sínú òtútù rí. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìṣó náà ṣì wà lára ògiri, aṣọ òjò mi ni mo gbé kọ́ sí i.

Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà ìbá fẹ́ nìyẹn? Ṣé ẹ gbọ́ agogo náà nígbà tí Títí ń lù ú létí ọkọ̀, àbí ẹ ti jìnnà jù? Kí ló dé tí ẹ dúró kí n lọ wẹ̀ kí ẹ tó sọ pé rìbọ́nì mi ni? Ká ní ẹ sọ ọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, ṣé ẹran àyà yín á dín ni?

Mo ti lọ bẹ Ìyá Bọ̀sẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n dìde, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti ń kí mi báyìí.

Ohun kan ló kù, ẹ má sọ ọ́ fún Títí. Bí ọkọ̀ bá lọ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò dúró síbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró. Títí á wà lókè pẹ̀lú ẹ̀wù ọsàn rẹ̀, omi dúdú ni yóò máa rí. Wọ́n á sọ kámẹ́rà kalẹ̀, á ya agogo náà àti gbogbo àlejò yín, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ẹni tó ti kó lọ, wọ́n á sì kó o ránṣẹ́ sí Barking. Èmi ni màá kọ́kọ́ rí yín. Lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni láyé tó rí yín, èmi ni. Mo ti bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n má gbé apá ibẹ̀ fún ẹlòmíràn láéláé, ó sì ti gbà. Ẹ rí i pé ìwà mi ò tíì yí padà.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn àlejò yín pé kí wọ́n má kọ́lé bo rìbọ́nì mi mọ́lẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà nílé.